Bí ẹ ṣe lè fi iná bátìrì mọ́tò tanlé, àti ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó dá a padà sórí wáyà NẸ́PÀ

Okun o, ẹ̀yin ará ilé.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mò ń gbà láti Kàbà dé Ẹgbẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Kogí wa níbí, báyìí. Ẹni tó ti ra mọ́tò oníbátìrì ń bi mí, ẹni tó ṣì ń wá owó rẹ̀ ń bi mí, ẹni tí kò lérò àtirà á rárá náà ń bi mí: “Oníná, wọ́n ní àwọn èèyàn ń fi mọ́tò ta iná padà fún NẸ́PÀ lókè òkun. Báwo la ṣe máa ṣe tiwa?” Mo ti ṣàlàyé rẹ̀ lórí fóònù títí ó fi sú mi, ni mo bá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìdáhùn kúkúrú

Iná inú bátìrì mọ́tò ṣeé fà jáde. Kó wọ inú ilé yín, ìyẹn ṣeé ṣe lónìí, bí mọ́tò náà bá jẹ́ irú èyí tó ń fúnni níná, tí wáyà ilé sì tọ́. Kó gba inú ilé bọ́ sórí wáyà NẸ́PÀ lójú pópó, ìyẹn nílò ṣájà àkànṣe, mítà tó ń ka iná lọ tó ń ka iná bọ̀, àti ìwé ìyọ̀ǹda. Ẹni tó bá sì jókòó ṣírò rẹ̀ á rí i pé kò tíì lérè níbí. Nítorí náà, ilé ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ti NẸ́PÀ, abala tirẹ̀ wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ wáyà olórí méjì.

Irú mọ́tò wo lẹ ní?

Ọ̀pọ̀ mọ́tò oníbátìrì ló jẹ́ pé gbígbà ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ fífún. Èyí tó ń fúnni ló ní ohun tí wọ́n ń pè ní V2L. Ínfátà wà nínú mọ́tò yẹn fúnra rẹ̀. Ẹ ó kàn ki adáptọ̀ bọ ẹnu tó fi ń gba ṣájì, sọ́kẹ́ẹ̀tì wà lójú kejì adáptọ̀ náà, iná á sì wà níbẹ̀ bíi ti ara ògiri.

- Hyundai Ioniq 5 àti Kia EV6 ní in. Èyí tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù lè fún yín ní 3.6 kílówáàtì (3,600 wáàtì).
- BYD Atto 3 àti MG4 náà ní in. Agbára wọn yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, torí náà iye tó wà lára adáptọ̀ ni kí ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe ẹnu ẹni tó ń tà á.
- Nissan Leaf àtijọ́ kò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹnu ṣájà kíákíá rẹ̀, CHAdeMO, lè tú iná jáde bí ẹ bá ra àpótí tí wọ́n ṣe fún un. Àpótí náà kì í ṣe owó kékeré.
- Hyundai Kona oníbátìrì àkọ́kọ́, irú èyí tí wọ́n gbé jáde ní Nàìjíríà ní 2020, kò ní in. Ẹ lọ sí abala tó kẹ́yìn.

Ibi tí tókùnbọ̀ ti ń mú èèyàn ni pé Ioniq 5 tó bá wá láti Amẹ́ríkà, 120 fóòtù ni sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń fúnni, kì í ṣe 230 tí ilé wa ń lò. Ọ̀gá kan gbé tirẹ̀ dé láti Abuja. Ó ti ra adáptọ̀, ó ti ra wáyà, ó ti ní kí àwọn ará àdúgbò wá wòran. Mo ki mítà ọwọ́ mi bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó kọ 121. A pa mọ́tò, a jẹ iyán tí ìyàwó rẹ̀ ti gún sílẹ̀, mo sì gba ilé lọ.

Kí ẹ tó sanwó fún mọ́tò tàbí adáptọ̀, ẹ wo èyí:

☐ Fóòtù rẹ̀ wà láàárín 220 sí 240, ó sì jẹ́ 50 Hz
☐ Ẹ mọ iye wáàtì tàbí áńpù tó wà lára adáptọ̀
☐ Ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá ti wa mu (ọ̀pọ̀ ló ń wá pẹ̀lú ojú ti Ṣáínà tàbí ti Yúróòpù)
☐ Ibì kan wà lórí gíláàsì mọ́tò (ojú kọ̀ǹpútà iwájú awakọ̀) tí ẹ ti lè sọ fún un pé, “tí bátìrì bá ku báyìí, dúró”

Yúníìtì mélòó ló wà nínú rẹ̀?

Yúníìtì tí ẹ ń rà sórí mítà ni màá fi ṣírò, torí gbogbo wa la mọ bó ṣe ń rí nígbà tó bá tán lóru. Yúníìtì kan ni ohun tó ń fa 1,000 wáàtì máa jẹ ní wákàtí kan. kWh tí wọ́n kọ sínú ìwé bátìrì mọ́tò, yúníìtì yẹn náà ni.

Ẹ jẹ́ ká mú bátìrì 60 kWh. Ẹ ò ní fà á láti 100 dé òdo, torí bátìrì tí wọ́n ń fà gbẹ lójoojúmọ́ kì í pẹ́ láyé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 80, ẹ dúró ní 40. Yúníìtì 24 nìyẹn. Díẹ̀ á ṣòfò nígbà tí mọ́tò bá ń yí i padà sí iná ilé, díẹ̀ á tún ṣòfò bó bá gba inú bátìrì ínfátà kọjá. Ẹ fọkàn sí 18.

Ilé tí mo sábà ń rí ńkọ́? Firíìjì kan, bíi 1.2 lójúmọ́. Fáànù mẹ́ta oní-70 wáàtì fún wákàtí 8, 1.7. Bálíbù mẹ́jọ oní-10 wáàtì fún wákàtí 6, kò tó 0.5. Tẹlifíṣọ̀n fún wákàtí 5, 0.5. Gbogbo rẹ̀ ò pé 4. Nítorí náà, yúníìtì 18 yẹn á gbé ilé náà fún ọjọ́ mẹ́rin, bí ẹnikẹ́ni ò bá fi áyọ́ọ̀nù sí i.

Leaf àlòkù oní-40 kWh tí bátìrì rẹ̀ ti rẹ̀ dé ìdá 75 nínú 100, 30 ló kù nínú rẹ̀. Ẹ fà á láti 80 dé 30, yúníìtì 15 lẹ rí, kí òfò tó mú tirẹ̀. Ẹ rántí ìrìn ọ̀la pẹ̀lú. Ẹni tó ń gbé Ìsánlú tó fẹ́ dé Lọ́kọ́ja láàárọ̀ kò gbọdọ̀ fi mọ́tò tanlé di mọ́jú kó wá máa wá ẹni tó máa fà á lójú ọ̀nà. Òkè àti kòtò wa ń jẹ bátìrì ju ojú títì tó tẹ́jú lọ.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù: kí mọ́tò máa ṣájì ínfátà ilé

Ẹni tó bá ti ní ínfátà àti bátìrì nílé (ó sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa báyìí), ọ̀nà yìí ni kó tọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí V2L bá wà ní títàn, kọ̀ǹpútà mọ́tò kì í sùn, òun náà ń jẹun. Ó lè jẹ tó ọgọ́rùn-ún wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ara rẹ̀ nìkan. Bó bá jẹ́ fáànù kan àti bálíbù méjì lẹ fi mọ́tò gbé láti alẹ́ di òwúrọ̀, ohun tí mọ́tò jẹ lè ju ohun tí ẹ jẹ lọ. Ó sàn kí ẹ fà á dáadáa fún wákàtí mẹ́ta mẹ́rin, kí bátìrì ínfátà kún, kí ẹ pa mọ́tò, kí ínfátà wá máa bá ilé lọ.

1. Ẹ wá ibi tí NẸ́PÀ ti ń wọ ínfátà. Níbẹ̀ ni ṣéńjófà á wà: NẸ́PÀ lápá kan, mọ́tò lápá kejì, òdo láàárín. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó ń gé láìfù àti níútírà pọ̀. Ọ̀pọ̀ oníná wa ló ń gé láìfù nìkan, tí wọ́n á dì gbogbo níútírà ilé pọ̀ sójú kan, wọ́n á ní “níútírà kì í ṣe nǹkan kan.” Ní ti mọ́tò, nǹkan ni. Bí níútírà V2L bá pàdé níútírà NẸ́PÀ, mọ́tò tó bá gbọ́n á kọ̀, á gé iná. Èyí tí kò bá gbọ́n á gbà, ìyẹn ló burú jù.

2. Bí ínfátà yín bá jẹ́ oní-sólà, ẹ wọ inú sẹ́tín-ìn rẹ̀, ẹ pa ohun tó ń jẹ́ kó ti iná jáde sórí wáyà NẸ́PÀ. Ẹ má ṣe fojú kéré èyí. Lọ́sàn-án tí oòrùn bá mú, tí bátìrì ilé ti kún, ínfátà á máa wá ibi tó máa da iná sí. Ojú NẸ́PÀ ló mọ̀. Ṣùgbọ́n mọ́tò lẹ ti gbé síbẹ̀. Á ti iná bọ ẹnu V2L, ẹnu náà kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gba nǹkan níbẹ̀. Ẹ̀rọ inú mọ́tò lẹ fi ṣeré yẹn. Bí ínfátà yín bá ní ojú ọ̀tọ̀ fún jẹnẹrétọ̀, ojú yẹn ni kí ẹ lò.

3. Ẹ dín áńpù tí ínfátà fi ń gba ṣájì kù. Ínfátà oní-48 fóòtù tí wọ́n ṣètò sí 60 áńpù á fa ju 3,200 wáàtì lọ, adáptọ̀ oní-2,200 wáàtì á já lójú ẹsẹ̀. 20 áńpù á fa bíi 1,100. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá tutù lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ lè gòkè díẹ̀díẹ̀.

4. Ẹ ṣètò ínfátà kí bátìrì rẹ̀ máa gbé ilé, kì í ṣe iná tó ń wọlé. Lára ọ̀pọ̀ wọn, SBU ni wọ́n ń pè é. Bí tiyín kò bá ní irú ètò bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹrù ilé á fò sórí mọ́tò bí iná bá ti wọlé. Ẹ pa súmò (ẹ̀rọ tó ń fa omi), áyọ́ọ̀nù àti ohun gbígbóná gbogbo ná. Súmò ẹlẹ́ṣin kan (1 HP) tí wọ́n kọ 750 wáàtì sí lára lè fa ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún iye yẹn ní ìṣẹ́jú àáyá tó bá ń dìde.

5. Wáyà: 2.5 mm, kó má gùn ju 20 mítà lọ. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kó wà ní kíká, wáyà tó ká jọ máa ń gbóná láàárín ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ 3.6 kílówáàtì lẹ fẹ́ fà, 16 áńpù nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ púlọ́ọ̀gì oní-13 áńpù tí a ń lò sí kẹ́tùlù. Ẹ ra púlọ́ọ̀gì aláwọ̀ búlúù oní-16 áńpù táwọn tó ń ṣe wẹ́dà ń lò.

6. Ẹ gbé mọ́tò sábẹ́ òjìji. Oòrùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọ̀ wa kò sọ̀rẹ́ bátìrì. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi sí P, ẹ yan 40 gẹ́gẹ́ bí ibi tó máa dúró. (Hyundai fàyè gba 20 sí 80.) Òjò ò gbọdọ̀ kan adáptọ̀.

7. Ẹ tan mọ́tò àti V2L kí ẹ tó so ilé mọ́ ọn. Ẹ fi mítà wọn fóòtù. Bó bá jẹ́ 230 tàbí nítòsí rẹ̀, ẹ gbé bírékà sókè, lẹ́yìn náà ẹ yí ṣéńjófà láti òdo sápá mọ́tò.

8. Ẹ dúró tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì àti adáptọ̀. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò burú. Bí ọwọ́ yín bá sá, ẹ pa á, ìsopọ̀ kan ti dẹ̀ níbì kan.

9. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ pa á, ẹ yí ṣéńjófà padà sí òdo, ẹ gbé bírékà wálẹ̀, ẹ pa V2L, ẹ tó wá yọ adáptọ̀. Ẹ má yọ adáptọ̀ nígbà tí iná ṣì ń kọjá. Dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ máa ń rí lẹ́nu irin púlọ́ọ̀gì jẹnẹrétọ̀, ibẹ̀ ló ti ń wá, mo sì ń rò pé ẹ ò fẹ́ rí i lẹ́nu mọ́tò mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù.

Bí kò bá sí ínfátà nílé

Èyí tó rọrùn jù ni kí ẹ fa ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n kan láti ara adáptọ̀ wọlé, kí ẹ ki firíìjì, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n bọ̀ ọ́, kí ó má sì kan wáyà ilé rárá. Kò dáa lójú, ṣùgbọ́n kò sí ewu NẸ́PÀ nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kí iná jáde látinú bálíbù òkè, kí ó ní kí oníná ya bọ́ọ̀sì kékeré kan (àpótí bírékà) sọ́tọ̀: bálíbù, fáànù, tẹlifíṣọ̀n, firíìjì, ó tán. Bọ́ọ̀sì kékeré yẹn nìkan ni ṣéńjófà (láìfù àti níútírà pọ̀, mo tún un sọ) á máa yí láàárín NẸ́PÀ àti mọ́tò. Kí áàtì ilé yín jẹ́ áàtì gidi, irin tó wọlẹ̀, kì í ṣe wáyà tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá ẹnu omi.

Wáyà olórí méjì: ẹ kà á títí dé òpin

Wáyà olórí méjì ni èyí tó ní púlọ́ọ̀gì ọkùnrin lórí kan, púlọ́ọ̀gì ọkùnrin lórí kejì. Wọ́n á ki orí kan bọ jẹnẹrétọ̀, wọ́n á ki orí kejì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri, gbogbo ilé á sì tàn. Ẹnìkan ti bi mí bóyá òun lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún V2L.

Ní Ìyàrà, ìjì wó ọ̀pá iná kan, iná àdúgbò náà ti lọ fún ọjọ́ méjì. Wọ́n pè mí sí ilé kan kí n tún mítà rẹ̀ dì. Mo ki tẹ́sítà sí ìdí wáyà tó ti ọ̀pá wọlé, ohun tí mò ń ṣe láì ronú ni, bí èèyàn ṣe ń ta ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́. Iná pupa kékeré inú tẹ́sítà náà tàn. Mo yọ ọ́, mo tún ki í bọ̀ ọ́. Ó tún tàn. Mo gbójú sókè. Ọmọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ lórí wáyà ti gbé ẹsẹ̀ kan lé àkàbà, sílípáàsì rẹ̀ kan wà nílẹ̀. Mo ké mọ́ ọn. Ilé kejì lódìkejì òpópónà ni jẹnẹrétọ̀ ti ń dún, wáyà olórí méjì wà lára ògiri, bírékà ńlá sì wà lókè. Màmá tó ni ilé náà kò mọ nǹkan kan. Fíìmù ló ń wò.

Ẹ wo ohun tó fi ń pani. Tiransifọ́mà àdúgbò ń sọ 11,000 fóòtù di iná ilé. Bí ẹ bá ti iná ilé bọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀, á ṣe òdìkejì: á gbé e padà dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtù sórí wáyà tí òṣìṣẹ́ gbà pé ó ti kú. Jẹnẹrétọ̀ kékeré sábà máa ń kú fúnra rẹ̀ lábẹ́ ẹrù gbogbo àdúgbò. V2L náà lè gé bí ẹrù bá pọ̀ jù, ṣùgbọ́n níbi tí ẹrù ò bá ti pọ̀, bátìrì mọ́tò oní-60 kWh kì í sú bọ̀rọ̀, kì í sì í dún, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ kó wá kanlẹ̀kùn. Bó bá sì jẹ́ pé NẸ́PÀ dé lójijì nígbà tí V2L wà lórí wáyà kan náà, ẹ̀rọ inú mọ́tò ló máa kọ́kọ́ lọ.

Nítorí náà, kò sí ọ̀nà tí wáyà olórí méjì fi dára. Kò sí “ìṣẹ́jú márùn-ún péré,” kò sí “mo ti gbé bírékà wálẹ̀.” Ẹ gé e.

Bó bá ṣe NẸ́PÀ ni dandan

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìṣírò. Níbi tí wọ́n ti ń jèrè rẹ̀ lókè òkun, owó iná máa ń yí padà láàárín ọjọ́: ó rọ̀ lóru, ó wọ́n nírọ̀lẹ́. Wọ́n á rà á nígbà tó rọ̀, wọ́n á tà á nígbà tó wọ́n. Ní Utrecht ní Netherlands, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo Renault 5 bẹ́ẹ̀ ní 2025. Tiwa kì í yí padà láàárín ọjọ́. Nígbà tí wọ́n gbé owó Bẹ́ǹdì A (àwọn tó yẹ kó rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, ó kéré tán) sókè ní oṣù kẹrin 2024, ₦225 ni yúníìtì kan, ọ̀sán tàbí òru. Ẹ jẹ́ ká fi iye ìgbà yẹn ṣírò: ẹ ra yúníìtì mẹ́wàá wọ inú mọ́tò, ₦2,250. Bí ẹ bá fẹ́ tú u padà, òfò ìwọlé àti ìjáde á jẹ́ kó ku bíi mẹ́jọ. Kí owó yín tó pé, wọ́n gbọ́dọ̀ ra ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦281 lọ́wọ́ yín. Ta ló máa rà á bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń ta tirẹ̀ ní 225?

Èkejì, ẹni tó fẹ́ ta iná fún NẸ́PÀ, NẸ́PÀ gbọ́dọ̀ wà. Ṣájà tó bófin mu kì í ti iná sórí wáyà tó ti kú. Ó kéré tán, Bẹ́ǹdì D ni wákàtí 8 lójúmọ́, E ni wákàtí 4. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bẹ́ǹdì yín, ẹ ṣírò tiyín.

Ibi tó ti lè mọ́gbọ́n dání ni bí oòrùn ni ẹ fi ń ṣájì mọ́tò, tí sólà yín sì pọ̀ ju ohun tí ilé àti mọ́tò lè jẹ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ̀ lé èyí, ẹ má yí i po:

1. Ìwé kí owó tó jáde. Ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ń pín iná fún yín. Òfin Iná ti 2023 fún ìpínlẹ̀ lágbára láti máa bójú tó ọjà iná tirẹ̀, nítorí náà ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àjọ tó ń ṣàbójútó iná ní ìpínlẹ̀ Kogí. Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ bi wọ́n: ṣé ẹ gbà kí n ti iná jáde? Mítà wo lẹ máa fún mi? Báwo lẹ máa ṣe ṣírò owó rẹ̀ fún mi? Ìdáhùn orí ẹnu ò tó.

2. Ṣájà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì V2L kò lè ṣe iṣẹ́ yìí láéláé. Ó ń dá ìlù tirẹ̀ lù, kò gbọ́ ti ẹlòmíràn. Iná NẸ́PÀ ń lù nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan (50 Hz nìyẹn), ẹni tó bá máa dara pọ̀ mọ́ ọn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e gẹ́lẹ́. Bí ẹni méjì tó ń gún iyán nínú odó kan: tí ọ̀kan bá ṣi ìlù, ọmọ odó á kan ọmọ odó, tàbí kó kan ìka. Ṣájà ọlọ́nà méjì, èyí tó mọ̀ ọ́n gún, ni ẹ nílò. Mọ́tò oní-CHAdeMO bíi Leaf ló ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Fún ẹnu CCS (irú ẹnu ṣájà kíákíá tí ọ̀pọ̀ mọ́tò tuntun ń lò), ẹ béèrè bóyá mọ́tò àti ṣájà jọ gbọ́ ISO 15118-20, ètò tó jáde ní 2022. Bí ọ̀kan bá gbọ́ tí èkejì kò gbọ́, wọn ò ní bára wọn sọ̀rọ̀.

3. Mítà. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyí. Ọ̀gá ilé ìwé kan pè mí pé yúníìtì òun ń tán lọ́sàn-án gangan, nígbà tí kò sẹ́nì kankan nílé. Ó ti fura sí ayálégbé rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti ń di ìjà. Mo dúró tì mítà náà ní aago méjìlá ọ̀sán. Iná pupa rẹ̀ ń ṣẹ́jú kíákíá bí ojú ẹni tí ata kán sí, ilé sì dákẹ́. Sólà ló ń ti iná jáde, ẹni tó so ó ti tan ètò yẹn láìsọ fún un. Mítà káàdì náà kò mọ̀yàtọ̀ iná tó ń lọ àti iná tó ń bọ̀: gbogbo èyí tó bá ti kọjá, ó ń yọ owó rẹ̀. Ọ̀gá ń fún wọn níná lọ́fẹ̀ẹ́, ó tún ń sanwó lé e. Kì í ṣe gbogbo mítà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ti yúníìtì kan jáde kí wọ́n tó gbé mítà ọlọ́nà méjì wá.

4. Ìgékúrò. Kí bírékà kan tó ṣeé fi àgádágodo tì wà níta ilé, níbi tí òṣìṣẹ́ iná ti lè rí i kó sì tì í fúnra rẹ̀ kó tó gun ọ̀pá.

5. Ìdánwò. Nígbà tí mọ́tò bá ń ti iná jáde, ẹ gbé bírékà NẸ́PÀ wálẹ̀. Ṣájà gbọ́dọ̀ dákẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2. Ẹ gbé e sókè padà: kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó yẹ kó dúró wo wáyà fún ìṣẹ́jú mélòó kan ná. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Èyí tó bá kùnà lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta, ó kùnà.

Àṣìṣe tí mo ń bá pàdé

- Wọ́n á fi ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n tíńrín tó wà fún fóònù gbé ẹrù 2,000 wáàtì. Rọ́bà rẹ̀ á kọ́kọ́ rùn bí irun tó jóná. Òórùn yẹn ni ìkìlọ̀ tó kẹ́yìn.
- Wọ́n á pa ètò tó ń sọ fún mọ́tò ibi tó máa dúró, wọ́n á fa bátìrì dé 5 nínú 100, ilẹ̀ á sì mọ́ sórí wọn ní ibi tí kò sí ṣájà.
- Wọ́n á máa ṣájì mọ́tò láti ara ínfátà, kí mọ́tò tún máa ṣájì ínfátà lálẹ́ kan náà. Ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti rí i. Òfò nìkan ló ń yí po níbẹ̀.
- Wọ́n á gbàgbé eku. Ẹ wo wáyà kí ẹ tó lò ó, pàápàá bó bá ti wà ní ilé ẹrù pẹ̀lú kású.

Bí mọ́tò yín kò bá ní V2L

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí bátìrì ńlá náà. Ó sábà máa ń lé ní 300 fóòtù, ó sì lè pani.  Wáyà aláwọ̀ ọsàn inú mọ́tò oníbátìrì kì í ṣe ti wa láti fọwọ́ kàn, kódà èmi tí mo ń kọ èyí.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ mọ́tò oníbátìrì ló tún ní bátìrì kékeré oní-12 fóòtù, bátìrì ńlá ló sì ń bọ́ ọ nígbà tí mọ́tò bá wà ní títàn. Ẹ lè so ínfátà kékeré mọ́ ọn fún bálíbù, fáànù kan, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù:

1. Ínfátà oní-300 wáàtì, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó máa fa bíi 25 áńpù ní 12 fóòtù, nítorí náà wáyà 6 mm, kó sì kúrú.
2. Ẹ fi fíúsì 40 áńpù sí ìdí wáyà pupa, nítòsí bátìrì, kì í ṣe nítòsí ínfátà.
3. Ẹ tan mọ́tò títí gíláàsì rẹ̀ á fi kọ pé ó ti ṣetán láti rìn, kí ẹ tó tan ínfátà. Bó bá jẹ́ pé rédíò nìkan ló tàn, bátìrì kékeré náà nìkan lẹ ń mu, á sì gbẹ láàárín wákàtí díẹ̀, mọ́tò ò sì ní dìde mọ́ láàárọ̀.
4. Mọ́tò tó ṣetán láti rìn, tí kò dún, ọmọdé lè wọ inú rẹ̀ kó sì gbé e rìn. P, bíréèkì ọwọ́, òkúta lẹ́yìn táyà, kọ́kọ́rọ́ sínú àpò yín, kí ẹ tó wọlé lọ tan fáànù.